Ojú Ìwé Àádọ́rùn-ún

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Aránwé ti ń di ìwé pọ̀ fún àwọn tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé nílé-ẹ̀kọ́ gíga náà, nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Òfin kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: ọwọ́ ẹlòmíì kò gbọdọ̀ kan ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà tún gbólóhùn kan péré ṣe fún ẹnì kan. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí gbèdéke àtifi ìwé sílẹ̀ pé, obìnrin alágbàfọ̀ kan gbé iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ wá, ìtàn àròsọ kan nípa opó. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ewé òkè kó tó gbé e kalẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

“Ẹ bá wa rọra dì í o, bàbá. Ọdún mẹ́rin ló wà níbẹ̀ yẹn.”

Aránwé ní òun kò ju ìwé mọ́lẹ̀ rí, àfi èyí tó já lu òun lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà, agolo gọ́ọ̀mù dojú dé sórí ojú ìwé àádọ́rùn-ún. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé kà mọ́ níbẹ̀.

Ó pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ìyẹn ní ẹni tí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, kò sì ní gbé fóònù. Aránwé ní kó kúkú ka ohun tó wà níbẹ̀ fóun látorí, òun á tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà ní orí òun kò sí níbẹ̀ báyìí, kó ṣáà wá nǹkan ṣe sí i kó tó di ọ̀sán.

Lójú ìwé tó ṣáájú, opó náà ti ibi ìsìnkú dé ẹnu ọ̀nà. Lójú èyí tó tẹ̀ lé e, ó ti sùn. Aránwé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tó fi ń tẹ orúkọ sára èèpo ìwé. Ó kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe lọ́jọ́ tó sin ìyàwó rẹ̀: ó yí bàtà olóògbé kọjú sínú ilé, kó má baà dà bíi ti ẹni tó ń jáde lọ. Ó dì í mọ́ àwọn yòókù.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Ìwé opó ló gba ẹ̀bùn iṣẹ́ tó ta yọ jù lọ lọ́dún náà, kí ẹni tó dì í pọ̀ náà wá. Láti ìgbà náà, Aránwé ń retí kí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ẹ̀ẹ̀mejì ló tún tú u.

Nínú gbọ̀ngàn, wọ́n fi í jókòó sẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágbàfọ̀. Olórí àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò ní ojú ìwé kan ló jẹ́ kó borí. Ó kà á sókè: bàtà, ẹnu ọ̀nà, bàtà tó kọjú sínú ilé. Aránwé tẹjú mọ́ ìpàkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà níwájú, ó ń retí kó yíjú, kó nàka sí òun.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dìde.

“Ọjọ́ tí mo kọ ojú ìwé yẹn,” ló wí, “mo sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.”

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́, Aránwé kò sì tíì mí kanlẹ̀ tí alágbàfọ̀ fi di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó sọ sí i létí wẹ́lẹ́: “Bàbá, ta ló kọ ìyẹn? Kò sí nínú èyí tí mo kọ fún un.”