Ẹ̀yìn Ìyá Tinka

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Dókítà Radulov máa ń wá sí ilé àwọn arúgbó tó wà létí odò Dúnáfù, láti mu kọfí, kó sì wo àwọn aláìsàn bí ààyè bá wà. Ọlọ́gbọ́n ni, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń mọ ohun tó ń ṣe ènìyàn.

Yàrá kẹrin ni kì í fẹ́ wọ̀. Ìyá Tinka ló wà níbẹ̀, òun àti Ìyá Velika tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀.

"Dókítà, ìbàdí ṣì ń dunni," ni Ìyá Tinka wí. "Ṣé mo lè lọ hóró mọ́fíìnì apàrora yìí sínú wàrà kíkan?"

"Bí ẹ bá lọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì gbé yín lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi eyín fọ́ àwùsá, hóró oògùn lẹ ò lè gbé mì?"

"Ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ sí oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn bíi pílásítà, níbi tí ọwọ́ ò ti ní ya á kúrò. Kẹ́ ẹ sì ṣírò rẹ̀ fún ẹni ogójì kílò."

Dókítà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ìrìnàjò ojú náà pẹ́ díẹ̀.

"Ìyá, apá yín kan ju ogójì kílò lọ."

"Àgbà kì í jẹ àjẹjù oògùn."

Ìwé ìṣègùn pàápàá sọ bẹ́ẹ̀. Dókítà kọ ìwọ̀n tó kéré jù lọ sílẹ̀ fún un, ó sì nawọ́ sí ibùsùn kejì.

"Ẹ kọ́gbọ́n lára Ìyá Velika. Kò ráhùn rí."

Ìyá Tinka ní òótọ́ ni.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Dókítà rí Ìyá Tinka tó ru àpótí kábéèjì gun àtẹ̀gùn, tó ń súfèé. Ó pe Milena, nọ́ọ̀sì ilé náà.

"Mo mọ irú wọn. Ó ń ta oògùn náà ni. Lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí o ò bá rí i níbẹ̀, mo fagi lé e lónìí."

Milena wọ yàrá kẹrin, ó ti ilẹ̀kùn. Kò pẹ́ tó fi jáde.

"Ó wà níbẹ̀, Dókítà. Àárín ẹ̀yìn gan-an. Ó lẹ̀ dáadáa."

Dókítà mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀, ó buwọ́ lu ti oṣù mìíràn, ó sì padà sídìí kọfí rẹ̀.

Milena padà wọ yàrá, òun àti Ìyá Tinka sì jọ rọra fa aṣọ bo ẹ̀yìn Ìyá Velika, níbi tí oògùn náà lẹ̀ mọ́, wọ́n yí i padà.