Ikọ́ Nehemiah Kì Í Ṣe Ti Eruku Sìmẹ́ǹtì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn ní kẹ́míìsì, tí ẹ sì ń gbé e mì láìwo ohun tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ fara balẹ̀ ka èyí títí dé ìsàlẹ̀. Ẹ má dá a dúró lágbedeméjì.

1.

Awakọ̀ tírélà ni Nehemiah Bámiṣayé. Sìmẹ́ǹtì ló ń kó láti Obajana. Felele nílùú Lọ́kọ́ja ni òun àti Ruth ìyàwó rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú Ayọ̀mídé ọmọ wọn. Ọkùnrin tí kì í lè jókòó lójú kan ni. Bó bá ti ìrìn àjò dé láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ara rẹ̀ á ti máa wá ọ̀nà.

Ìgbà kan tó gbé ẹrù lọ sí Àbújá, orí fífọ́ mú un, ló bá yà sí ilé ìwòsàn kan. Dókítà ibẹ̀ wo bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń ṣe, ó mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ru gan-an. Ẹ ó máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́. Bí nǹkan kan bá yí padà lára yín, ẹ tètè padà wá."

Nehemiah gba oògùn, kò padà lọ mọ́. Kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, àní Ruth pàápàá. Ọ̀gá wọn ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ kan rí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun ló kàn. Ó ki oògùn náà bọ inú bàtà àtijọ́ kan lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Bó bá tán, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ti ń ra òmíràn.

2.

Kò pẹ́ tí ikọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ọ̀fun rẹ̀ á kàn máa yún un. Kò lè jẹun tán kó má wúkọ́. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìta ló ń sá lọ.

"Bàbá Ayọ̀mídé, eruku sìmẹ́ǹtì yẹn ni," ni Ruth wí. "Ẹ máa fi nǹkan bo imú."

Ó bo imú. Ó lá oyin, ó jẹ orógbó. Ó ra amoxicillin, ó lò ó tán. Ikọ́ kò gbọ́. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Lọ́jọ́ kan, Ruth ya ife ọkọ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ó gbé e síbi tirẹ̀. Nehemiah rí i, ó sì dùn ún wọra.

Ó lọ ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé ẹ ń lo oògùn kankan?"

"Rárá o."

3.

Òun àti Jímọ̀, awakọ̀ kejì tí wọ́n jọ ń wa ọkọ̀ náà, yà sí kẹ́míìsì kan lójú ọ̀nà. Fàthíà, ọmọbìnrin apòògùn tó wà níbẹ̀, gbọ́ ikọ́ náà kó tó rí ẹni tó ń wú u. Nehemiah ní imú òun tún dí, ó na ìka sí oògùn ọ̀fìnkìn kan tó rí lórí pẹpẹ.

"Ẹ dákun, sà. Ṣé ẹ kò ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Oògùn yìí kò dáa fún ẹni tó bá ní in."

Jímọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́.

"Ta ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru?" ni Nehemiah wí. "Gbé e wá, à ń kánjú."

Ó ń lo oògùn náà bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ikọ́ kò dá. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì, oorun kò kùn ún. Síbẹ̀ ó ń wakọ̀.

4.

Wọ́n ń bọ̀ láti Obajana lọ́sàn-án gangan nígbà tí Jímọ̀ rí i pé ọkọ̀ ń fì sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé?"

Nehemiah fẹ́ dáhùn, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já bọ́ lórí ìdarí ọkọ̀. Jímọ̀ fò mọ́ ìdarí náà, ó wọ́ tírélà náà wọ inú koríko. Ọlọ́run yọ wọ́n, wọn kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti kọlu Nehemiah.

5.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi Ruth léèrè oògùn tí ọkọ rẹ̀ ń lò.

"Kì í lo oògùn kankan, àfi ti ikọ́."

Jímọ̀ tó lọ kó ẹrù wọn nínú ọkọ̀ wọlé. Ó fi ohun tó rí nínú bàtà lé dókítà lọ́wọ́. Dókítà kà á, ó mí kanlẹ̀.

"Lisinopril. Ẹ wo bí orúkọ rẹ̀ ṣe parí: 'pril'. Oògùn gidi ni fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ìdílé 'pril' máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan. Ká ní ó sọ ni, à bá ti fi èyí tó parí sí 'sartan' rọ́pò rẹ̀, ikọ́ náà ì bá ti lọ. Oògùn ọ̀fìnkìn tó wá gbé lé e, ńṣe ló tún ń ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè."

Ruth yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Èmi lẹ fi pa mọ́ fún? Èmi tí mo ya ife yín sọ́tọ̀?"

Nehemiah ń sunkún.

Wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà. Ikọ́ lọ. Ọwọ́ ọ̀tún kò padà bọ̀ sípò. Jímọ̀ ló ń wa tírélà náà báyìí pẹ̀lú ẹlòmíràn. Ọkùnrin tí kì í jókòó lójú kan ti di ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Orúkọ gàdàgbà tó wà lára páálí, ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Orúkọ oògùn gan-an wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ẹ wo ìparí rẹ̀. 'Pril', 'sartan' àti 'dipine' wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru. 'Olol' wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn, kí ẹni tó ní ikọ́ fée sì tètè sọ kí wọ́n tó fún un. 'Cillin' ń pa kòkòrò àrùn. Bí ara yín bá ti kọ ọ̀kan nínú ìdílé 'cillin' yìí rí, ẹ wí kí ẹ tó gba òmíràn. Ìparí orúkọ kò sọ yín di dókítà o. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín, ẹ má sì fi èyí tí ẹ ń lò pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ní bàbá, ìyá tàbí ọkọ tí kì í sọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.