Iyọ̀ Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti Ibodè Mẹ́rin

Àlọ́ o! Ẹ gbà á bí kò bá tíì rẹ̀ yín. Àlọ́ mi wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ títí, ó dé orí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń ru iyọ̀ lọ sílé.

Ọ̀bọ ní ibodè lójú ọ̀nà, Òkété ní, Ẹtù náà ní. Kálukú ń bu iyọ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń kọrin:

Ẹ ṣíbodè, ẹ jẹ́ n kọjá.
*Ó dọ̀la.*
Ọmọ ń dúró dè mí nílé.
*Ó dọ̀la.*

Nígbà tó yá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣèpàdé. Wọ́n jẹun, wọ́n tún jẹun, wọ́n ṣàdéhùn pé àwọn yóò wó gbogbo ibodè. Ọ̀bọ ní, "Ta ni yóò máa ṣọ́ wa pé a wó o?" Ni wọ́n bá kọ́ ibodè tuntun, wọ́n fi Ìkookò sí i. Ìkookò náà á sì jẹun. Ti àtijọ́ ńkọ́? Kálukú ń retí kí ẹnì kejì kọ́kọ́ wó tirẹ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ la ti àwọn mẹ́ta kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ Ìkookò. Ìkookò ti ọwọ́ bọ àpò iyọ̀, kò bá nǹkan kan.

"Iyọ̀ dà?"

"Ó ti tán, bàbá. Àdéhùn yín ló kù níbẹ̀. Ẹ bu tiyín."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ́rí padà. Bí ẹ bá bi mí lọ́jọ́ tí wọn yóò wó ibodè, ẹ bá mi gbè é:

*Ó dọ̀la.*