Ogójì Ìṣẹ́jú Péré

"Màmá, ogójì ìṣẹ́jú péré ni bàálù yín máa gbà," ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì tún wí. "Ọkọ̀ ilẹ̀ ńkọ́? Wákàtí mẹ́fà gbáko!"

"Àtàárọ̀ ni ogójì ìṣẹ́jú yìí ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi ń rọbí lọ́hùn-ún!"

Màmá yarí, ó gba gáréèjì lọ. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tó gbé fìlà awakọ̀ bàálù lé orúnkún.

"Ọmọ mi, kí ló dé tí ẹyẹ ń wọ bọ́ọ̀sì?"

Ọkùnrin náà rí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ́wọ́ màmá, ojú tì í.

"Ẹ má bínú, mà. Ìlú tí à ń lọ yìí ni bàálù yín wà. Mò ń lọ wà á wá, kí n lè fi gbé yín."