Làbẹ́làbẹ́ Etí Àbàtà

Olùwádìí ewéko kan ti wọ àbàtà dé orúnkún kí ó tó dá a lójú pé ohun tí òun ń wá nìyí. Ó fọwọ́ kan ọ̀pá làbẹ́làbẹ́ náà: onígun mẹ́ta ni, ìdí rẹ̀ sì pupa. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn nígbó Ṣábẹ̀. Ó yọ fóònù, kò rí ẹni tí yóò pè. Ọ̀gá tí wọ́n jọ ń wá a ti kú. Ọ̀rọ̀ koríko sì ti sú ìyàwó rẹ̀, ó ti kó lọ.

“Má tẹ̀ ẹ́ o, ọmọ mi!” Ìyá arúgbó kan ló dúró létí àbàtà, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

“Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

“Èmi ni mo gbìn ín.”

Ìgbà náà ló tó rí i pé ó tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè iṣu. Kì í ṣe ti igbó rárá.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹní tí wọn yóò fi sin mí. Nílé wa, arúgbó ló ń hun tirẹ̀. Bó bá ti ga tó ọ, o gé e, o hun ún, ó ku kí ọlọ́jọ́ dé. Gbogbo àwọn tá a jọ ń gbìn ín ti hun tiwọn lọ.”

Ojú ti olùwádìí náà láti tọrọ ẹyọ kan.

Ìyá wọ inú omi, ó dúró ṣánṣán ti ọ̀pá tó ga jù, ó sì fọwọ́ lé àtàrí. Ọ̀pá náà ga jù ú lọ. Ó wò ó títí, ó bẹ̀rẹ̀, ó gé e nídìí, ó nà án sí àlejò náà.

“Mú un lọ,” ó ní. “Kò tíì tó mi.”