Pínnì Fàdákà Oko Màmá Garrod

Redvers Thurlow kì í jalè, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyìn ju òtítọ́ lọ. Ìyẹn ló bà á jẹ́.

Àwa mẹ́ta la jọ ń lọ wá ohun àtijọ́ nínú oko olóko ní Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo ọjọ́ Sunday: Redvers, Ambrose Pask àti èmi. Áà, ayé dùn nígbà náà! Bí wọ́n bá ti kórè àlìkámà tán, a ó gbé ẹ̀rọ tí ń wá irin kọ́ èjìká, a ó jọ mu tíì nínú fúláàsìkì kan, a ó sì máa fi ìṣó àti ìdérí ìgò tí a bá hú ṣe ara wa ní yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan, òtútù dá èmi àti Redvers dúró sílé. Ambrose nìkan lọ sóko Màmá Garrod, àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa, ó sì hú pínnì fàdákà kan, róbótó, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi ń de aṣọ láyà. Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún nínú ilẹ̀.

Àìsàn ọkàn ń yọ Ambrose lẹ́nu. Ó ní, "Redvers, bá mi gbé e lọ fún akọ̀wé ìjọba tó ń kọ ohun àtijọ́ sílẹ̀. Dókítà ní n ò gbọdọ̀ rìn jìnnà."

"Fọkàn balẹ̀, ọ̀rẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé béèrè ẹni tó rí i, Redvers ní, "Èmi ni." Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Ambrose kú, kò sì gbọ́. Àwòrán Redvers jáde nínú ìwé ìròyìn. Èmi gan-an, tí n kò tíì mọ̀ pé irọ́ ni, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ tí adájọ́ ìjọba jókòó láti mọ bí wọ́n ṣe rí ìṣúra náà, Màmá Garrod dìde.

"Redvers, kí lo rí? Ambrose ló fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ kanlẹ̀kùn mi. Èmi ni mo bu omi fún un tó fi fọ nǹkan náà!"

"Màmá, bóyá ẹ ti gbàgbé..."

"Ibi tí mo fi awò ojú mi sí ni mo máa ń gbàgbé. N ò gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ tó ti kú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Redvers dorí kodò. Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé ìjọba, wọ́n kọ ti Ambrose. Kò sí àgbẹ̀ tó tún ṣílẹ̀kùn oko fún un mọ́.

Nígbà ìkórè tó kọjá, mo bá a níbi tó ti fara ti ọgbà oko kan, tó ń wo pòròpórò.

Ó bi mí pé, "Ṣé o ṣì ń lọ?"

Mo ní, "Rárá. Ta ni mo fẹ́ bá lọ?"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe gba ìyìn iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe. Ẹni tó bá jí orúkọ òkú yóò pàdánù tirẹ̀ lójú alààyè, àwọn ọjọ́ dídùn tó bà jẹ́ kò sì ní padà wá mọ́.