Ibi Tí Màmá Aránṣọ Ń Nàka Sí

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni Màmá Aránṣọ ní kí n kọ́ àwọn kí wọ́n tó wọ bàálù lọ́la.

"Ọmọ mi rèé."

"This" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ ti ahọ́n bọ àárín eyín, Màmá, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ jáde."

Ahọ́n wọn ń sá padà bí ìgbín tí wọ́n fọwọ́ kàn.

"Ẹ máa nàka bí ẹni pé ọmọ yín dúró níwájú yín, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí ọwọ́ bá bá ẹnu ṣe, ẹnu kì í tètè gbàgbé."

Wọ́n nàka sílẹ̀.

Mo bá wọn gbé ọwọ́ sókè. "Òkè ni, Màmá. Ṣebí ẹ ní ọmọ yín ga débi pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé?"

Wọ́n tún un sọ. Ilẹ̀ náà ni wọ́n tún nàka sí.

"Ó dáa, ẹ rẹ́rìn-ín sí i díẹ̀."

Wọ́n gbìyànjú. Ẹ̀rín náà ò jáde.

Mo bi wọ́n bóyá ọmọ náà ló ń bọ̀ wá pàdé wọn ní pápá ọkọ̀ òfurufú.

Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ tó wà láyà aṣọ wọn, wọ́n tún fi há ibẹ̀ padà.

"Rárá, Tíṣà. Ọlọ́pàá ni. Wọ́n ní inú yàrá tútù kan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí. Wọ́n á ṣí aṣọ lójú ẹ̀, wọ́n á bi mí pé ta nìyí. Mi ò fẹ́ kí ògbufọ̀ bá mi sọ ọ́."



Wọ́n ti ahọ́n bọ àárín eyín. Lọ́tẹ̀ yìí, ó já geere.

Wọ́n nàka sílẹ̀. Mi ò bá wọn gbé ọwọ́ sókè mọ́.